Kí A Tó Fi Ṣọwọ́ Sí Ẹlòmíì

    

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sórí rédíò lónìí dá lórí àwọn nǹkan tí mo kà láìpẹ́ yìí nípa fóònù, nípa ayélujára, àti nípa bí ènìyàn ṣe lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ìwé ni àwọn kan, ìwádìí àwọn ọ̀mọ̀wé ni àwọn yòókù. Àwọn tó kọ wọ́n kò mọ ọ̀nà Tẹ̀dé níhìn-ín ní Òkè-Ògùn, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà wọ́n ni mo ń rí wa níbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ di nǹkan kan mú láti ìbẹ̀rẹ̀: láàárín ìgbà tí ojú rí ọ̀rọ̀ lórí fóònù àti ìgbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àyè kékeré kan wà. Orí àyè kékeré yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà.

Ẹ má ṣe rò pé mo wá bú fóònù. Ta ló máa bú u? Àwa tí a ti dàgbà mọ bí ayé ṣe rí kí fóònù alágbèéká irú èyí tí a ń lò yìí tó dé sí Nàìjíríà ní ọdún 2001. Bí ènìyàn bá kú ní Tẹ̀dé tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, ẹnì kan ní láti wọ mọ́tò lọ sọ fún un. Lónìí, ọmọ á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní àgbàdo tàbí kajú láti tà lè pe Ṣakí, kó pe Ìsẹ́yìn, kó mọ iye tí wọ́n ń rà á kó tó gbé ọjà sọ́kọ̀. Èdè wa pàápàá ti rí àyè níbẹ̀. Ìparí ọdún 2013 ni Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀. Oṣù Kejì ọdún 2018 ni BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìròyìn jáde ní Yorùbá lórí ayélujára. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kó orúkọ Yorùbá jọ sórí ayélujára pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, tó fi jẹ́ pé ọmọ tí wọ́n bí sí London lè wá ibẹ̀ mọ ohun tí orúkọ rẹ̀ ń wí. Ẹ̀rọ náà wúlò. N kò ní padà sórí ìyẹn mọ́.

Ó dáa. Ìwé kìíní tí mo kà ni èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kan kọ, Gloria Mark, ti Yunifásítì California ní Irvine, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Attention Span ni àkọlé rẹ̀, ọdún 2023 ló jáde. Ìbéèrè tí obìnrin yìí ń wá ìdáhùn sí kò le: báwo ni ènìyàn ṣe ń pẹ́ tó lórí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà kí ó tó yí sí òmíràn? Ní ọdún 2004, nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ó ti já sí nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 47. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: láti ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, ó já wálẹ̀ sí ohun tí kò pé ìṣẹ́jú kan.

Ẹnì kan lè sọ pé, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì nílẹ̀ òyìnbó nìyẹn, kí ló kan àgbẹ̀ àti ìyá onírú? Òótọ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé yín. Ṣé ẹ kò tíì rí ọmọ tó ṣí ìwé sílẹ̀, tí fóònù ń tàn yẹ́ríyẹ́rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ṣé ẹ kò tíì bá ènìyàn sọ̀rọ̀ rí, tó ń dá yín lóhùn "ẹ̀n, ẹ̀n", tí ojú rẹ̀ kò sì kúrò lórí fóònù?

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nínú ìwé náà kì í ṣe iye ìṣẹ́jú. Ó ní kì í ṣe ìpè àti ariwo fóònù nìkan ló ń gbé ọkàn ènìyàn kúrò lórí iṣẹ́. Ní nǹkan bí ìdajì ìgbà, ènìyàn fúnra rẹ̀ ni. Fóònù kò dún, ẹnikẹ́ni kò pè, síbẹ̀ ọwọ́ ti lọ síbẹ̀. Tí ọkàn bá sì ti kúrò, ó lè lé ní ogún ìṣẹ́jú kí ènìyàn tó padà sídìí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an. Ẹ wo àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Ó kọ ọ̀kan, ẹnì kan pè é láti ojú ọ̀nà, ó sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó lọ. Ó padà dé, ó kọ òmíràn, òun fúnra rẹ̀ tún rántí pé òun fẹ́ wo ẹni tó ń kọjá. Títí oòrùn yóò fi wọ̀, á ti rẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ṣiṣẹ́ àṣekára, ṣùgbọ́n ẹ sọ pé kó ka ebè rẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó bá lé eku méjì yóò pòfo.

Kí ló wá fà á? Ṣé ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìwòyí? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀, inú mi kì í sì í dùn tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà. Àwọn kan jókòó, wọ́n ronú, wọ́n sì ṣe é kó rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ìròyìn ní ojú ewé ìkẹyìn. Ètò orí rédíò ní ìparí. Ṣùgbọ́n ta ló ti wo Facebook tàbí TikTok dé òpin rí? Kò ní òpin. Ọdún 2006 ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Aza Raskin, ṣe ọgbọ́n tí nǹkan tuntun fi ń já wá fúnra rẹ̀ bí a ṣe ń fi ìka fa ojú ìwé sókè, tí kò ní tán. Ó rò pé òun ń dín wàhálà ènìyàn kù ni. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ bọ́ sí gbangba, ó ní òun kábàámọ̀ ohun tó ti ìdí rẹ̀ jáde.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń lo ọgbọ́n yìí ńkọ́, kí ni èrè tiwọn? Ìpolówó ọjà ni. Bí ojú wa bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni owó tí àwọn olùpolówó ń san fún wọn ṣe ń pọ̀ tó. Àwa la fowó ra dátà, àwa la sì ni àkókò tó ń lọ.

Àwọn iléeṣẹ́ yìí tún mọ ohun kan tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ B. F. Skinner ti rí lára ẹyẹlé kí wọ́n tó ṣe kọ̀ǹpútà tó ṣeé gbé dání rárá. Bí ẹyẹlé bá ń rí oúnjẹ ní gbogbo ìgbà tó bá fẹnu sọ ibì kan, á máa sọ ọ́ nígbà tí ebi bá ń pa á. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò mọ ìgbà tí yóò wá, kò ní yé sọ ọ́. Nígbà míì a ṣí fóònù, a bá ohun tó dùn mọ́ wa nínú. Nígbà míì a kò bá nǹkan kan. Àìmọ̀ yẹn ló ń dá wa padà síbẹ̀. Nítorí náà, tí ọmọ yín kò bá lè gbé e sílẹ̀, ẹ má kàn pè é ní ọ̀lẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé tó gba owó ńlá ló kọjú ìjà sí ọmọ kékeré yẹn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wá síbi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn irọ́ tí à ń fi ṣọwọ́ láìdúró ronú. Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2014.

Ní ogúnjọ́ oṣù Keje ọdún náà, ọkùnrin kan láti Liberia, Patrick Sawyer, bọ́ọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú ní Èkó pẹ̀lú àrùn Ebola lára rẹ̀. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Ọbaléndé fura sí àìsàn náà. Àwọn kan fínná mọ́ dókítà yìí pé kó jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, ó ní òun kò gbà. Ká ní ó gbà ni, ta ló mọ ibi tí àrùn yẹn ì bá ràn dé? Òun fúnra rẹ̀ kó o, ó sì kú ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Inú oṣù Kẹjọ yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù jáde. Ẹ rántí rẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n sì mu nínú omi iyọ̀ náà, wọ́n ní Ebola kò ní lè mú wọn. Òru ni ìpè ń wọlé. Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń jí ìyá, ẹni tó wà ní ìlú ńlá ń pe àwọn ará ilé ní abúlé. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti kárí Nàìjíríà. Ṣé ó ṣèwòsàn? Kò ṣe nǹkan kan. Láàárín oṣù yẹn náà ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Báwo wá ni a ṣe ṣẹ́gun Ebola? Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni. Wọ́n wá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn, wọ́n sì ń lọ bá wọn lójúkojú, wọ́n ń wò bóyá ara wọn gbóná. Wọ́n ṣe irú àbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 18,500. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, WHO kéde pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ogún ènìyàn péré ló mú, mẹ́jọ nínú wọn sì kú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: irọ́ gba orí fóònù, ó kárí Nàìjíríà lóru ọjọ́ kan. Òtítọ́ fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Àwọn wo ló ń tan irọ́ omi iyọ̀ yẹn kálẹ̀? Ṣé ọ̀tá ni wọ́n? Ṣé òǹrorò ni wọ́n? Àwọn tó fẹ́ràn wa jù lọ láyé ni. Ìyá wa ni. Ẹ̀gbọ́n wa ni. Ìfẹ́ ló gbé irọ́ náà rìn. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gba àwọn tó ń sọ pé ènìyàn burúkú nìkan ló ń tan irọ́ kiri. Ẹni rere tí kò dúró díẹ̀ kó ronú, òun náà lè gbé e.

Àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta láti iléèwé gíga MIT ní Amẹ́ríkà tún fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Soroush Vosoughi, Deb Roy àti Sinan Aral ni wọ́n, ọdún 2018 ni wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde. Wọ́n wo ìròyìn tó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà tó ti rìn lórí Twitter láàárín nǹkan bí ọdún mọ́kànlá. Kí ni wọ́n rí? Irọ́ ń yára ju òtítọ́ lọ. Kí òtítọ́ tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn 1,500, ó ń gba tó ìlọ́po mẹ́fà àkókò tí irọ́ fi ń dé ibẹ̀. Wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló fa ìyàtọ̀ náà, ènìyàn ni. Irọ́ máa ń jọ ohun tuntun, ó máa ń yani lẹ́nu, ohun tó bá sì yani lẹ́nu, ọwọ́ á fẹ́ fi ṣọwọ́.

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Mo gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó mu omi iyọ̀ yẹn kò sí láyé mọ́ nígbà tí òtítọ́ fi dé. Èyí tí mo rò pé ó bá àsìkò wa mu jù ni èkejì rẹ̀, tó ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Owó lọ́wọ́, ẹ kúkú gbọ́ ọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, MMM, ètò sọwó-di-púpọ̀ kan, ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn nígbà tí Kérésì kù dẹ̀dẹ̀. A sunkún, a gbàgbé. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀rọ AI ló ń bá àwọn ṣòwò, pé owó ènìyàn yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Nígbà tí ó dàrú, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó ní Ìbàdàn, wọ́n ń kó ẹrù. Àga àti tábìlì kò lè san owó tó ti lọ. SEC, àjọ ìjọba tó ń mójútó ìdókòwò, ní wọn kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn rí. Ìpè kan sí SEC ì bá ti sọ ìyẹn ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ló fi ṣọwọ́ sí ọ̀rẹ́, àbúrò ló mú ẹ̀gbọ́n wọ̀ ọ́.

Ṣé ọ̀nà àbáyọ wà? Ó wà, kò sì gbówó lórí. Gordon Pennycook, David Rand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2021. Wọ́n fi ìbéèrè kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí àwọn tó lé ní 5,000 lórí Twitter, wọ́n ní: àkọlé ìròyìn yìí, ṣé o rò pé òótọ́ ni? Ìyẹn nìkan. Wọn kò kọ́ wọn, wọn kò bá wọn wí. Lẹ́yìn ìyẹn, ìròyìn tí àwọn ènìyàn yẹn ń fi ṣọwọ́ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kò kúndùn irọ́. Wọn kò kàn rántí bi ara wọn léèrè ni. Ṣé ẹ rí àyè kékeré tí mo ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀? Ìbéèrè kan péré ló gbà á.

Tí ọ̀rọ̀ bá wọlé sórí WhatsApp yín, ẹ wo òkè rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọfà méjì níbẹ̀, ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín má mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ bi ara yín pé, ta ló sọ ọ́? Ọjọ́ wo ló sọ ọ́? Ṣé ẹlòmíì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé sọ ọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dí wa lọ́wọ́ ní agbègbè wa níbí. Irọ́ kò wúwo, ó ń wọlé kódà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára. Ìwádìí ló ń jẹ dátà, ìwádìí ló ń jẹ bátìrì, iná ọba wa kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹnu wádìí. Tí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn, nọ́ọ̀sì wà ní ilé ìwòsàn. Tí ó bá jẹ́ ti owó, ẹ bi ẹni tó mọ̀ nípa báńkì. Tí ẹ kò bá sì rí ẹni bi, ẹ jẹ́ kó dúró lọ́wọ́ yín. Kò sí ẹni tí yóò mú yín pé ẹ kò fi ṣọwọ́.

Ẹnì kan bi mí nípa ọ̀rọ̀ yìí pé, tó bá wá jẹ́ pé ìyá mi tàbí ẹ̀gbọ́n mi ló fi irọ́ ránṣẹ́ sínú gúrúùpù ẹbí ńkọ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já àgbà nírọ́ lójú gbogbo ẹbí. Tí ojú bá ti tì í, kò ní gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ mọ́. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tí ẹ ń rántí wa. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá yẹn, mo bi nọ́ọ̀sì, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín, kí ẹ lè fúnra yín bá wọn sọ ọ́." Ẹ ti fi ọ̀wọ̀ fún un, ẹ sì ti fún un láyè láti tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Ìwádìí ìkẹyìn tí mo fẹ́ mẹ́nu bà kò gùn. Ní University College London, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn ènìyàn tó ń gbìyànjú láti sọ nǹkan tuntun kan di bárakú, bíi kí wọ́n máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n fẹ́ mọ iye ọjọ́ tí yóò gbà. Ní ìpíndọ́gba, ó tó nǹkan bí ọjọ́ 66. Àwọn kan yára, àwọn mìíràn pẹ́ gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín fóònù kù rí, tí ẹ padà síbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kò burú, ẹ kàn yára juwọ́ sílẹ̀ ni. Wọ́n tún rí i pé ẹni tó fo ọjọ́ kan kò pàdánù ohun tó ti kó jọ.

Kí ni kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú? Nǹkan kékeré. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun, tí ẹ bá ti kírun Ìṣà tán, ẹ gbé fóònù sínú yàrá míì, kí ẹ ka ojú ewé kan péré nínú ìwé tí ẹ fẹ́ràn, ní èdè tó bá wù yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà alẹ́ pẹ̀lú ẹbí, kí ó jẹ́ lẹ́yìn àdúrà yẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí yín tí ẹ ń ṣe é. Ẹ kò nílò láti sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Àkókò wa ti ń lọ sópin. Ọ̀pọ̀ yín ti kọ̀wé sí wa nípa àwọn fọ́tò àti fídíò tí AI ń ṣe, tó ń fi ẹnu àwọn gbajúmọ̀ polówó oògùn. A ó gbà á yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sì kọ́ ara wa ní ibi tí ojú gbọ́dọ̀ wò lára wọn. Tí ẹ bá ní irú fídíò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa ká fi ṣe ẹ̀kọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì.